Orí Amọ̀, Orí Ìwé: Ìdáwà àti Kádàrà nínú Ìtàn, láti Tehran dé Mushin

Ìdáwà àti kádàrà nínú ìtàn kúkúrú àwọn ará Iran ni wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo gbà, àmọ́ mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n gba Mushin kọjá, torí ọ̀nà tí mo mọ̀ nìyẹn.

Ní bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, mo wọ dánfó ní Ojúẹlẹ́gba, mò ń lọ sí Ojúwoyè. A ò tíì rìn jìnnà tí táyà ẹ̀yìn fi bẹ́. Ọkọ̀ fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó bá lọ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lẹ́nu gọ́tà. Kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó kán lápá. Ìyá kan tó gbé kiréètì ẹyin mẹ́ta lé itan nìkan ni nǹkan ṣe. Ẹyin fọ́ tán. Pupa inú ẹyin ń kán láti etí ìró rẹ̀ bọ́ sínú sálúbàtà, òun náà sì ń fi ọwọ́ kó èèpo rẹ̀ jọ bí ẹni pé wọ́n ṣì lè lẹ̀ ẹ́ pọ̀. "Ẹ ṣáà dúpẹ́, màmá," ni gbogbo wa ń wí. Ẹnì kan nínú wa ní kádàrà ni. Ìyá ẹlẹ́yin mirí, ó ní, "Orí mi ni. Orí mi ò fẹ́ kí n jèrè lọ́sẹ̀ yìí."

Ọmọkùnrin kan tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà rìn wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó fi ìka tọ ojú ibi tó bẹ́. Wáyà inú táyà ti yọ síta, ó dúró ṣánṣán bí irun ìmàdò. Ó ní, "Wáyà yìí ò yọ lónìí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi táyà yìí rìn." Dẹ́rẹ́bà bi í pé ta ló pè é. Kọ̀ndọ́kítọ̀ dá owó àwọn kan pa dà, kò dá tàwọn yòókù. Oníkálukú wá ọkọ̀ mìíràn wọ̀, èmi náà wọ tèmi. Inú ọkọ̀ kejì ni mo tó rántí pé nínú gbogbo wa, ọmọ tó ń lẹ táyà yẹn nìkan ló bẹ̀rẹ̀ wo nǹkan kan.

Ohun tí mo bá wá ò ju ìyẹn lọ. "Orí mi ni" jẹ́ gbólóhùn tí a fi ń ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀. Tí ẹni tí nǹkan ṣe bá ti wí i, ó parí. A ò ní bèèrè mọ́ pé ta ló ra táyà. Àwọn òǹkọ̀wé tí mo máa dárúkọ lónìí, ti Tehran àti ti Èkó, ìdí táyà ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Èdè Pásíà tí wọ́n ń sọ ní Iran pe àyànmọ́ ní sarnevesht. Sar ni orí, nevesht ni ohun tí wọ́n kọ. Àkọsórí nìyẹn. Ẹ má pè é ní àkọ́sórí o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ àwọn tó ti kọ́ ìyà wọn sórí débi pé wọn ò nílò ẹni tó máa kà á fún wọn mọ́. Ọ̀rọ̀ kejì ni qesmat, ìyẹn ìpín. Ẹ̀kẹta ni taqdir, tó hù láti ìdí Lárúbáwá kan náà tí kádàrà tiwa ti hù. Nígbà tí èrò ọkọ̀ wa pe kádàrà lẹ́nu gọ́tà yẹn, ọ̀rọ̀ tí ará Tehran náà máa gbọ́, tó sì máa mirí sí, ló pè.

Ṣùgbọ́n orí tiwọn àti orí tiwa ò rí bákan náà. Tiwọn, wọ́n kọ ọ́. Tiwa, wọ́n mọ ọ́n. Ẹ rántí ìtàn Àjàlá alámọ̀ nínú Ògúndá Méjì, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá gbà sílẹ̀ fún wa. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń bọ̀ wá sáyé, ọmọ Ògún, ọmọ Ìja àti ọmọ Ọ̀rúnmìlà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dé ilé Àjàlá láti mú orí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ sáré débẹ̀, wọ́n he orí tó tóbi, tó dán, tí iná ò jó dénú. Òjò pàdé wọn lọ́nà, amọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó, kí wọ́n tó délé ayé orí ti di pẹlẹbẹ. Ìkẹta, Afùwàpẹ́, yà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ rúbọ. Nígbà tó fi máa dé ilé Àjàlá, olówó èlé ló bá níwájú ilé, tó ń pariwo pé òun ò lọ láìgba gbèsè òun. Àjàlá wà lókè àjà, ó sá pamọ́. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà, Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì bá a ṣa orí tó jinná.

Ibi gbèsè yẹn ni ìtàn yìí ti máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń mọ àyànmọ́ gbogbo wa ń fara pamọ́ sókè àjà nítorí olówó èlé! Ní Mushin, a mọ Àjàlá. A ti bá a gbé ilé. Orí tiwa wá ní oníṣẹ́, ó ní iná, ó ní ìwọ̀n ọjọ́ tí wọ́n fi sun ún, ó ní gbèsè tó mú kí oníṣẹ́ kánjú. Ó ṣeé bèèrè ọ̀rọ̀ lé lórí. Ohun tí wọ́n kọ nìkan ni a kì í rí akọ̀wé rẹ̀ bi.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dé Iran.

Ìtàn kúkúrú ìgbàlódé ní èdè Pásíà ò tíì ju ọgọ́rùn-ún ọdún àti díẹ̀ lọ. 1921 ni Mohammad-Ali Jamalzadeh tẹ àkójọ tó sọ ní Yeki bud, yeki nabud jáde ní Berlin. Orúkọ ìwé náà ni gbólóhùn tí àwọn ìyá àgbà Iran fi ń bẹ̀rẹ̀ àlọ́: ẹnì kan wà, ẹnì kan ò sí. Tiwa ńkọ́? Ẹni tó fẹ́ pàlọ́ á ní "Àlọ́ o!", bí kò bá sì gbọ́ "Àlọ̀!" kò ní bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní gbé ìyàtọ̀ yìí ga ju bó ṣe yẹ lọ, torí àwọn ọmọ Iran náà ń yí ìyá àgbà wọn ká jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ fi sọ́kàn pé àlọ́ tiwa ò lè rìn láìsí ẹni tó ń dáhùn, kí ẹ wá wo ohun tí Sadegh Hedayat ṣe.

Wọ́n bí Hedayat ní Tehran ní 1903, sínú ìdílé ńlá. Ó lọ kàwé ní Belgium àti France, ó pa dà wálé, ilé ò gbà á mọ́. Ní 1937 ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀dà díẹ̀ lára ìwé Buf-e Kur, Òwìwí Afọ́jú, ní Bombay lórílẹ̀-èdè India. Ó kọ ọ́ sára rẹ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ tà á ní Iran. Ọkùnrin tó ń sọ ìtàn inú ìwé náà ò bá èèyàn sọ̀rọ̀. Òjìji ara rẹ̀ tó hàn lára ògiri ló ń kọ̀wé sí, kí òjìji náà lè mọ̀ ọ́n. Àlọ́ tí òjìji ń dáhùn. Ṣáájú ìyẹn, ní 1932, ó ti kọ ìtàn kúkúrú kan, Ẹ̀kán Ẹ̀jẹ̀ Mẹ́ta, tí ẹni tó wà nínú ilé wèrè ń sọ. Ó ti pẹ́ tí ọkùnrin náà ti ń tọrọ ìwé àti gègé. Ọjọ́ tí wọ́n fún un, kò rí nǹkan gidi kọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn lọ. Ní oṣù kẹrin 1951, Hedayat pa ara rẹ̀ ní Paris. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn ilé wèrè yẹn, Yaba ló wá sí mi lọ́kàn. Ní 1907 ni ìjọba amúnisìn ṣí ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí orí wọn dà rú sí ní Yaba, tó ti di ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ báyìí. Gbogbo Èkó ló ń pè é ní Yaba Left. Kí ọmọdé ṣàdéédé rẹ́rìn-ín òun nìkan, wọ́n á ní àfi kí wọ́n gbé e lọ sí Yaba Left. Ẹ̀rín la fi ń rín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù wà nídìí ẹ̀rín náà: ní Èkó, kò sóhun tó burú tó kí èèyàn máa sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni má dá a lóhùn.

Ní àkókò tí Hedayat ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tirẹ̀ ni Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láti 1929 wọ 1930. Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ lorúkọ obìnrin náà. Ó ti gbádùn ọkùnrin àti owó, àìsàn wá dá a gúnlẹ̀, ikú ń bọ̀. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ lẹ́tà, Ṣẹ̀gilọlá ò sí níbì kankan, ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé Èkó gbà pé ó wà. Wọ́n ń fún un lésì nínú ìwé ìròyìn. Ìwé yìí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ẹ wo àwọn méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹni àkọ́kọ́, ọkùnrin inú Òwìwí Afọ́jú, ń kú lọ nínú yàrá, òjìji ló ń rò fún. Ẹnì kejì ń kú lọ nínú yàrá, gbogbo ìlú ló ń rò fún, ìlú sì ń ṣe "Àlọ̀!" Síbẹ̀ ìlú ò gbà á sílẹ̀. Ìdáwà Èkó nìyẹn, ó sì yàtọ̀ sí ti Tehran. Nínú ilé oníyàrá méjìlá ní Mushin tí ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, wọ́n mọ ohun tí o jẹ lánàá, wọ́n mọ iye tí onílé ń bá ọ fà, wọ́n gbọ́ ẹkún òru rẹ. Ilẹ̀ á sì mọ́, wọ́n á ní "Ẹ kú àárọ̀ o," o ó dáhùn.

Nínú àwọn ará Iran, Sadeq Chubak (1916 sí 1998) ni mo fẹ́ràn jù, torí kò fi ọ̀rọ̀ ṣe ẹwà. Ní 1949 ló kọ ìtàn kan tí a lè pè ní Ọ̀bọ Tí Ọ̀gá Rẹ̀ Kú. Ọkùnrin kan wà tó ń mú ọ̀bọ ṣeré kiri, Makhmal lorúkọ ọ̀bọ náà. Bó ti ń nà án ló ń bọ́ ọ. Èéfín òpíọ́mù tí ọ̀gá ń fà ti di bárakú fún ọ̀bọ náà pẹ̀lú. Wọ́n sùn sábẹ́ igi kan lálẹ́, ilẹ̀ mọ́, ọ̀gá ò jí. Makhmal fa ẹ̀wọ̀n rẹ̀ títí èèkàn fi tu. Ó dòmìnira. Ẹ̀wọ̀n ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń wọ́ tẹ̀lé e, gbogbo ibi tó bá dé ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Ọmọ darandaran kan fìyà jẹ ẹ́. Àṣá fẹ́ gbé e. Òun tí kò mọ nǹkan ju kó jó, kí wọ́n jù ú ní oúnjẹ, kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé inú igbó. Ó wọ́ ara rẹ̀ pa dà sídìí òkú ọ̀gá. Bí ìtàn ti ń parí, àwọn agégi ń bọ̀ tàwọn ti àáké, ó ń fi eyín gé ẹ̀wọ̀n, ẹ̀wọ̀n ò gé.

Àwọn tó mọ Iran sọ pé ọba ni ọ̀gá tó kú yẹn: Reza Shah, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Soviet lé kúrò lórí oyè ní 1941, tí ìlú ò sì mọ ohun tí yóò fi òmìnira ṣe. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1951, Mossadegh, olórí ìjọba wọn, gba epo rọ̀bì lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún ìjọba Iran. Ní 1953, Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ nínú bí wọ́n ṣe gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni òkùnkùn inú ìtàn wọn wá nípọn sí i. Gholam-Hossein Sa'edi kọ nípa abúlé kan ní 1964 tí màlúù ọkùnrin kan kú, tí ọkùnrin náà sì di màlúù. Wọ́n fi ṣe fíìmù Gaav ní 1969. Ẹ kíyè sí i pé ohun tí ẹnu ń pè ní sarnevesht níbẹ̀ ní ọdún, ó ní oṣù, ó ní orúkọ ilé iṣẹ́ epo. Àwa tí a mọ epo rọ̀bì nílé lóko ò nílò ẹni tó máa ṣàlàyé ìyẹn fún wa. Ẹ̀wọ̀n ọrùn Makhmal pàápàá, alágbẹ̀dẹ ló rọ ọ́.

Mo fẹ́ mú yín dé Yaba wàyí, sínú ìwé kan tí kì í ṣe ìtàn kúkúrú. Ẹ gbà mí láàyè, torí orí ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ lè dá dúró bí ìtàn kúkúrú. Buchi Emecheta tí wọ́n bí ní Èkó ní 1944, tó lọ sílé ẹ̀kọ́ Methodist Girls' High School ní Yaba, ló kọ ọ́ ní 1979: The Joys of Motherhood. Ọdún 1934 ni. Nnu Ego, ọmọ Ibuza, sáré jáde nílé tí ọkọ rẹ̀ ti ń fọ aṣọ fún òyìnbó ní Yaba. Ọmọ rẹ̀ jòjòló ló bá lókùú lórí ẹní. Ó sáré gba Òyìngbò, ó kọ lu alágbe Haúsá kan lójú ọ̀nà, ó forí lé afárá Carter láti lọ kó sómi. Ẹ wo Èkó bó ti rí: ẹni tó fẹ́ kú ò ráyè kú. Èrò pé lé e lórí, wọ́n dì í mú, wọ́n ń bá a wí pé ẹ̀mí rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ará ìlú rẹ̀ kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ibi iṣẹ́ òru ya wò ó, ó dá a mọ̀, ó pe orúkọ rẹ̀. Orúkọ tó pè yẹn ló fà á pa dà. Mi ò tíì rí ibi tí ìwé kankan ti fi agbára orúkọ hàn báyìí. Ọkùnrin inú ìwé Hedayat ì bá rí ẹnì kan pè é bẹ́ẹ̀!

Ìbéèrè tó kàn ni pé kí ló dé tí ìyà fi ń jẹ Nnu Ego. Ìdáhùn àwọn ará ilé rẹ̀ ni chi rẹ̀, orúkọ tí àwọn Ígbò ń pe ohun tí àwa ń pè ní orí, bí wọ́n ò tilẹ̀ bára mu délẹ̀. Ibí ni Emecheta ti bẹ̀rẹ̀ wo ìdí táyà. Chi Nnu Ego ni ẹrúbìnrin kan tí wọ́n fẹ́ sin pọ̀ mọ́ ìyálé bàbá rẹ̀. Ẹrú náà kọ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin ilé bá fi àdá lù ú lórí. Kí ó tó kú, ó ní òun ń pa dà bọ̀. Nígbà tí wọ́n bí Nnu Ego, kókó kan wà lórí rẹ̀, babaláwo wọn sì sọ pé ojú ibi tí àdá ti ba ẹrú náà ni. Sarnevesht rèé, wọ́n kọ ọ́ sórí lóòótọ́, àdá ni gègé. Ẹni tó mú àdá dání kì í sì í ṣe ẹ̀mí àìrí; ọmọ ilé ni, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ìwé parí, Nnu Ego tó bí ọmọ tó pọ̀ kú sẹ́bàá ọ̀nà láìsí ọmọ kan níbẹ̀. Lẹ́yìn ikú ni wọ́n tó kọ́ ojúbọ fún un, àwọn tó wá tọrọ ọmọ nídìí rẹ̀ ò sì rí gbà. Èmi ka ìkọ̀ yẹn sí ìgbà kan ṣoṣo tí ó dá ìlú lóhùn.

Ben Okri ló tún kan. Nínú Stars of the New Curfew, tó jáde ní 1988, ìtàn kan wà tí wọ́n ń pè ní Worlds That Flourish. Wọ́n bi ọkùnrin kan ní orúkọ rẹ̀ níbi iṣẹ́, kò rí i pè lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Olè wọlé kó o lẹ́rù. Aládùúgbò rẹ̀ kan ní ó ń rìn kiri bí ẹni tí kò lójú. Láti ìgbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rí i: ìwé kíkọ wà lójú àwọn èèyàn ìlú. Nígbà tí mo kà á débẹ̀, mo gbé ìwé sílẹ̀. Sarnevesht tún nìyẹn, Okri ò sì gbọ́ ọ lẹ́nu ará Iran. Ìlú ló kà á nínú rẹ̀. Ẹ rántí ìgbà tó kọ ọ́. Ní 1986 ni ìjọba Babangida gbé ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé. Náírà já, ilé iṣẹ́ ń dá òṣìṣẹ́ dúró lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹni tó wọ táì lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé ń wọ́ ẹsẹ̀ kiri Ojúẹlẹ́gba lọ́jọ́ Ẹtì. Ohun tó wà lójú àwọn èèyàn nígbà náà, ẹnikẹ́ni tó wọ mólúè lè kà á láìgbé awò sójú.

Àwọn kan á bi mí pé kí ló burú nínú kí ìyá ẹlẹ́yin fi orí rẹ̀ tu ara rẹ̀ nínú. Kò burú. Ẹni tí ẹyin rẹ̀ fọ́ láàárọ̀, tó ní láti tún wá owó ẹyin mìíràn lọ́sàn-án, kò ní àyè láti máa bá dẹ́rẹ́bà ṣẹjọ́. "Orí mi ni" ni àga tó jókòó lé kó tó dìde. Èmi ò ní yọ àga nídìí rẹ̀. Ẹjọ́ mi wà pẹ̀lú àwa yòókù, tí ẹyin wa ò fọ́, tí a jókòó sórí àga rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó sì wà pẹ̀lú àwọn tó ní táyà, torí àwọn náà fẹ́ràn kádàrà gan-an.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó, ẹ dé Agége Motor Road nítòsí Ìdí-Òro. Ibẹ̀ ni ilé Fẹlá olórin, Kalakuta, wà nígbà náà. Lọ́jọ́ 18 oṣù kejì 1977, ọ̀pọ̀ sójà ya bo ilé náà lọ́sàn-án gangan. Wọ́n lu àwọn ará ilé, wọ́n ju Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ìyá Fẹlá, láti ojú fèrèsé òkè, wọ́n sun ilé. Màmá ò gbádùn mọ́ títí wọ́n fi kú ní oṣù kẹrin 1978. Ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó. Àbọ̀ tí wọ́n jẹ́ ni pé sójà kan tí a kò mọ̀ ló dáná sí i. Sójà tí a kò mọ̀! Èrò tó wòran ò lóǹkà, àdúgbò kan kún fún ojú, ìjọba ní òun ò mọ ẹni tó ṣe é. Kádàrà lédè ìjọba nìyẹn: gbólóhùn tí ẹni tí nǹkan ò ṣe kọ sílẹ̀, tó lu òǹtẹ̀ lé. Fẹlá gbé orúkọ yẹn, ó fi kọrin ní 1979, Unknown Soldier. Ọdún kan ṣáájú ló ti gbé Shuffering and Shmiling jáde, tó fi ń bi àwọn èrò inú ọkọ̀ Èkó léèrè ìdí tí wọ́n fi ń dúró de ọ̀run. Mo mọ̀ pé orin kì í ṣe ìtàn kúkúrú. Ẹ má bá mi jà, ìtàn ló wà nínú rẹ̀.

Ìtàn Surulere ṣì kù, èyí tí a jókòó lé lórí báyìí. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó ní 1924. Lẹ́yìn rẹ̀, ní 1928, wọ́n dá àjọ Lagos Executive Development Board (LEDB) sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe, Yaba sì wà lára àwọn ibi tí wọ́n pín ní púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì. Ní àárín àwọn ọdún 1950, wọ́n tún kọjú sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n ní àdúgbò náà dọ̀tí, àlejò ń bọ̀ wá bá wa ṣòmìnira, ojú ń tini. Wọ́n wó agboolé, wọ́n kó àwọn èèyàn wá sí Surulere. Peter Marris, onímọ̀ àwùjọ kan, lọ bá àwọn tí wọ́n kó wá àti àwọn tó kù, ó sì tẹ ìwé jáde ní 1961. Ohun tó rí ò ṣe é fi ṣàwàdà. Ilé tuntun dára, omi ń yọ, ṣùgbọ́n ìyá tó ń tajà lẹ́nu ilé rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ò rí oníbàárà mọ́. Owó ọkọ̀ sí ọjà ń jẹ èrè. Àwọn tí ń jẹun nínú àwo kan náà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ń rí wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Àwọn àgbà tí ọmọ ń bẹ̀ wò láràárọ̀ jókòó sínú yàrá tó mọ́ tónítóní, wọ́n ń wo ògiri. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n máa bá òjìji sọ̀rọ̀. Orúkọ ibi tí wọ́n sì kó wọn wá ni Sùúrù-lérè.

Ìtàn kúkúrú tí ó yẹ kí wọ́n kọ lórí ìyẹn lédè Yorùbá ti pọ̀ jù, èyí tí mo rí kà ò tó nǹkan. Cyprian Ekwensi, tó ṣe olùkọ́ ní Igbobi College, kọ Lokotown ní 1966 nípa àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, ó dáa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni. Okri, Gẹ̀ẹ́sì. Emecheta, Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ará Iran tó ń ka Hedayat ń kà á lédè ìyá wọn, ìdí nìyẹn tó fi ń dùn wọ́n dénú eegun. Tiwa, Thomas ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ láti 1929, lẹ́nu ìwé ìròyìn. Kí ló dá wa dúró? Ẹ má sọ fún mi pé kádàrà ni.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn ni mo ń bá wí báyìí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí wọ́n kó láti Ìsàlẹ̀ Èkó wá sí Surulere ní 1955 ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún. Ó wà ní òpópónà yín. Ó lè jẹ́ ìyá onílé yín ni, tàbí bàbá tí ẹ máa ń kí lórí àga lẹ́nu géètì láìdúró gbọ́ ìdáhùn. Ẹ lọ jókòó tì wọ́n lọ́sẹ̀ yìí, pẹ̀lú ìwé àti gègé, kí ẹ bi wọ́n pé ta ló wá kan ilẹ̀kùn, irú aṣọ wo ló wọ̀, kí ló sọ. Bí wọ́n bá ní orí àwọn ni, ẹ má dìde. Ẹ tún bi wọ́n.